Ìránṣẹ́ Orí Ẹ̀rọ: Kétu Wo Lẹ Rán An Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo ń kó ohun tí wọ́n ń kọ nípa ìlú wa àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ní kí Google Alerts máa bá mi ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà "Ketu", kó máa fi ohun tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó ló ń kó wá, àti ọ̀rọ̀ òṣèlú Gánà, àti ti àwọn awòràwọ̀ Íńdíà. Ṣé ẹ̀rọ yìí ni kò gbọ́n ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ọmọ Kétu ni ìyá tó bí mi, nítorí náà mo pa iṣẹ́ ọwọ́ mi tì nígbà tí mo ka lẹ́tà yín.

Ohun tí ẹ rán níṣẹ́ yẹn kò mọ ìlú. Lẹ́tà mẹ́rin ló mọ̀: K, e, t, u. Kétu kan wà l'Ékòó, nítòsí Máìlì 12, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọkọ̀ ibẹ̀ kì í sì í tán nínú ìròyìn. Ketu South àti Ketu North wà ní ẹkùn Volta ní Gánà. Ní ti àwọn awòràwọ̀ Íńdíà, Ketu ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú ibi méjì tí ipa ọ̀nà òṣùpá ti ń gé ti oòrùn kọjá lójú ọ̀run. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ariwo Èkó sì bo tiwa mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí ẹ bá rán níṣẹ́ ní Kétu, bí ẹ tilẹ̀ gbàgbé láti sọ Kétu wo, á mọ̀. Ó ti gba ẹnubodè Àkàbà Ìdènà kọjá, ó mọ ọ̀nà ààfin Alákétu. Ìránṣẹ́ tiyín yìí kò ní ibi tó ti fẹ́ rí tọmọ. Bí ẹ ṣe rán an gẹ́lẹ́ ló ń jẹ́ ẹ, ọwọ́ yín ló sì kù sí láti rán an dáadáa.

Ẹ kọ orúkọ ìlú bí àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ Benin ṣe ń kọ ọ́: Kétou. Ìyẹn nìkan á lé púpọ̀ nínú ti Èkó dànù. Ẹ fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kejì tì í: "Kétou" Plateau (orúkọ ẹkùn tí ìlú wa wà ní Benin), tàbí "Kétou" Alakétou. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní tirẹ̀, oríṣiríṣi ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ máa rí Gelede, ẹ máa rí Gèlèdé, ẹ máa rí Guèlèdè. Ẹ ṣe ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì yan Faransé níbi èdè, torí láti ọdún 2001 tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, tí wọ́n sì wá kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008, èdè yẹn ni àwọn ará ilẹ̀ wa fi ń kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ ní kó máa dé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ojoojúmọ́ á kàn sú yín.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú Lagos, báyìí: -Lagos, kó má bàa mú ti Èkó wá mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èmi kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú ìtàn àwọn oníṣòwò Kétu ni kò ní dárúkọ Èkó? Ẹ ó lé àlejò, ẹ ó sì lé ọmọ ilé mọ́ ọn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà níbí l'Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Mo rán tèmi sí "Porto Novo", ó lọ sí ìlú kan ní erékùṣù Santo Antão ní Cap-Vert, ó tún lọ sí Íńdíà, níbi tí wọ́n ti jagun kan ní 1781. Ará Sábẹ ni mo káàánú jù. Savè ni wọ́n ń kọ ọ́ lédè Faransé; bó bá ti pàdánù àmì orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "fi pamọ́" ló dà, kò sì sí ojú ewé tí ìyẹn kò sí.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí wọ́n bá ní iṣẹ́ aláwọ̀ funfun nìkan ni gbogbo èyí. Aláwọ̀ dúdú ni Alan Emtage, ọmọ Barbados. Ní 1990, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì McGill ní Montreal. Wíwá fáìlì kiri láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn sú u, ló bá kọ ìlànà tí á máa bá a lọ kó orúkọ àwọn fáìlì wá sójú kan. Archie ni wọ́n sọ ọ́. Ó ṣáájú Google dáadáa, Emtage kò sì gba ìwé ẹ̀tọ́ láti fi dí ẹlòmíràn lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì yín.

ÌBÉÈRÈ: Láti Sábẹ ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ń gbé oríkì ìdílé wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ kan ń rìn kiri, wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Báwo ni mo ṣe lè dá wọn dúró?

ÌDÁHÙN: Fáìlì kékeré kan wà tó ń jẹ́ robots.txt. Martijn Koster ló dábàá rẹ̀ ní 1994. Inú rẹ̀ lẹ ó kọ ibi tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n wọ̀ sí. Màrìwò tí a so sẹ́nu igbó ni, kì í ṣe ògiri. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún un á yà, aláìbìkítà á fò ó kọjá. Gbogbo ayé ló sì lè ka fáìlì náà, nítorí náà ẹ má kọ orúkọ ibi àṣírí sínú rẹ̀. Oríkì tí ẹ kò bá fẹ́ kí àlejò gbọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, tàbí kí ẹ má gbé e síbẹ̀ rárá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta aṣọ l'Àjàṣẹ́. Ọmọ mi tó wà ní Kútọnu fi ìránṣẹ́ orí ẹ̀rọ kan sórí fóònù mi, ó ń ka lẹ́tà àwọn oníbàárà, ó ń dá wọn lóhùn. Ara tù mí. Ní báyìí ó ní kí n jẹ́ kó máa sanwó fún àwọn tó ń kó aṣọ wá fún mi. Àyà mi ń já. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ má gbà.

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ibi tí ìránṣẹ́ yìí ti kù díẹ̀ káàtó gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ fún un àti ọ̀rọ̀ tó bá kà nínú lẹ́tà àlejò, ojú kan náà ló lè fi wò wọ́n. Olè lè fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sórí ojú ewé funfun pé: "Nọ́ńbà tí à ń sanwó sí ti yí padà, fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sẹ́fà ránṣẹ́ síbí." Ẹ̀yin kò ní rí i. Ìránṣẹ́ á rí i, ó sì lè jẹ́ ẹ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ rán an. Àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀tàn yìí, wọn kò tíì rí oògùn tó wò ó tán.

Pattie Maes, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, kọ ohun kan ní 1994 tí mo ṣì ń tẹ̀ lé. Ó ní kí ẹni tó ni ìránṣẹ́ fi ààlà méjì lé e lọ́wọ́. Bí ohun tó fẹ́ ṣe kò bá dá a lójú tó ààlà kìíní, kó dákẹ́. Bó bá kọjá ìyẹn, kó sọ èrò rẹ̀ fún yín, kó sì dúró gbàṣẹ. Àfi bó bá kọjá ààlà kejì ni kó tó dá a ṣe. Kíkí oníbàárà àti sísọ iye tí yàrdì kan jẹ́, ẹ jẹ́ kó dá a ṣe. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ogún yàrdì, kó sọ fún yín kó tó dáhùn. Ti owó, ẹ má fún un ní ààlà kankan, ẹ ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ tún máa ṣí ibi tó ń ju lẹ́tà tó bá kà sí ìdọ̀tí sí. Ọ̀kan tí mo lò rí ka lẹ́tà ẹni tó fẹ́ kí n tún kọ̀ǹpútà mẹ́fà ṣe, ó rò pé gbájúẹ̀ ni, ó jù ú síbẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó rí i. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí títí di òní, torí owó ilé ìwé ọmọ mi ni mo ń retí nígbà yẹn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń wo ibẹ̀ báyìí.

Bí ọmọ yín bá dé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ní kó ṣí ibi tí wọ́n ti ń fún ìránṣẹ́ náà láṣẹ níwájú yín, kó yọ ti owó kúrò lójú yín. Nọ́ńbà àṣírí owó orí fóònù yín kò gbọdọ̀ sí nínú ohunkóhun tó lè kà. Bí ọmọ kò bá ráyè wá, ẹ gbé fóònù náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando, a ó jọ ṣe é. Mi ò ní gba owó lọ́wọ́ yín.