Owó tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn lálaalẹ́ ni kí ẹ wá

Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ẹ ní ọmọ àdúgbò yín kan tó wà lókè òkun fẹ́ fún ẹgbẹ́ yín ní ₦600,000 kí ẹ fi gba àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi ṣe ìwọ́de àti ìpàdé ńlá lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Mo ti ṣe é rí.

Ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ ni ẹgbẹ́ tiwa wà, n'Ìbàdàn níbí. Ọdún 2018 la bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de òògùn ikọ́ tó ní codeine. A rò pé ọ̀rọ̀ ti ń tán lọ ni, àṣé tramadol, oògùn ìrora, àti kólórádò, igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, làwọn ọmọ yóò yà sí. Owó àkọ́kọ́ tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, kánópì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, aṣọ àti fìlà la ná an lé. A tún pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jáwọ́ pé kó wá jẹ́rìí. Tọkàntọkàn ló fi sọ̀rọ̀. Ó sọ bó ṣe ń pò ó mọ́ ẹlẹ́rìndòdò, ó sọ bó ṣe máa ń rí lára rẹ̀. Nígbà tí a ń ká kánópì, ọmọ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń ta ẹyọ kan?" N kò rí èsì fọ̀. Àwa la gbé e wá bá a.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti wà lákọsílẹ̀. Ìwé ìlànà tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ gbé jáde, tí ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde ní 2018, sọ ọ́ pé ìdẹ́rùbà àti ẹ̀rí ẹni tó ti lò ó rí kì í dá ọmọ dúró, wọ́n tilẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí á ran òbí lọ́wọ́ lórí ọmọ títọ́, kí á kọ́ ọmọ bí yóò ṣe máa kọ ohun tí ọ̀rẹ́ bá fi lọ̀ ọ́. Ta ló lè fi ọjọ́ kan ṣe ìyẹn?

Nígbà tí a tún rówó, yàrá kan la gbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀. A ń ṣí i ní Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́sàn-án. Wákàtí yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ti ṣíwọ́, àwọn ìyá wọn kò tíì ti ọjà dé, ilé ṣókùnkùn, ibi tí wọ́n ti ń mugbó nìkan ni iná wà. Kì í ṣe ìwàásù ló kó wọn wá sọ́dọ̀ wa, ṣájà ni. A to wáyà mẹ́rìndínlógún sórí pákó gígùn kan, a sì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọmọ tó bá ki fóònù bọ̀ ọ́ kò ní lọ títí yóò fi kún. Á jókòó, á mu gàrí, á jẹ ẹ̀pà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń di kọ́kọ́rọ́ náà mú, a sì ń san owó fún un. Wọn yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, oṣù kẹta làwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ti wábi gbà.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Iléeṣẹ́ tó fún wa lówó ní kí a kó rísíìtì gbogbo nǹkan wá kí ó tó san ìdá kejì. Ìyá oní-gàrí kì í kọ rísíìtì, àwa náà kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń ṣàlàyé, a sì ti ilẹ̀kùn pa. Nínú oṣù kejì, ọmọ ìyá alákàrà kan, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, tí kì í pa alẹ́ kan jẹ, ṣubú lẹ́bàá ọ̀nà. Tramadol ló lò, gìrì ń gbé e. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lórí ọ̀kadà tí a fi gbé e lọ sọ́sibítù. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ tilẹ̀kùn?"

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kan lónìí. Ẹ kọ ohun tí ẹ rà, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rà á, kí ẹni tó tà á fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ ìka. Kí owó oṣù méjì sì máa wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Ní ti ìforúkọsílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ polówó nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹ sì dúró ọjọ́ 28 bóyá ẹnikẹ́ni yóò ta kò yín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni báńkì yóò tún bèèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ẹ fara mọ́ ẹgbẹ́ onílé ná. Nígbà tí mo ka ìwádìí ọdún 2018 fún tiwa, pé bíi mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn láti ọmọ ọdún 15 sí 64 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, wọ́n kàn mi orí. Ọjọ́ tí mo kó wọn wá wo yàrá náà lálẹ́, tí wọ́n bá àwọn ọmọ tiwọn níbẹ̀, ni wọ́n dá owó epo jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ tó bá ti wọ inú oògùn olóró jìnnà, yàrá yín kò lè wò ó sàn. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, sára ògiri: 080010203040.

Ẹ wá pe ọmọ yín tó wà lókè òkun padà. Ẹ bi í bóyá, dípò ₦600,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè máa fi ₦50,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù fún ọdún kan. Bó bá gbà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.