Àyà mi ń já nítorí kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ dá gùn dé Ado

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Isanlu, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo wá fẹ́ fi họlidé yìí dá gùn ún dé Ado-Ekiti, kí n sun Kabba, kí n tún sun Omuo. Ẹrù ti wà nílẹ̀, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí àyà mi á máa já, oorun ò ní kùn mí, màá ṣáà máa rò ó pé bí táyà bá jò láàárín igbó ńkọ́, bí ara mi ò bá gbé e ńkọ́, bí àwọn ajínigbé bá dá mi lọ́nà ńkọ́. Iye mi, ìyá tó bí mi, ò tíì gbọ́ rárá. Àbí kí n fi sílẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má fi sílẹ̀. O ò ṣojo o. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bà ẹ́ lẹ́rù, o wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ lóru, báwo lo ṣe fẹ́ rí oorun sùn?

Ti ajínigbé yẹn kì í ṣe àyà jíjá lásán, gbogbo wa la mọ ohun tójú ń rí lọ́nà wa, torí náà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé kó o ṣáà gbàdúrà kó o máa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó o bá fẹ́ gbéra, lọ sí gáréèjì, bá àwọn dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà yẹn dé sọ̀rọ̀, bi àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá ti mirí, gbé kẹ̀kẹ́ sínú mọ́tò, sanwó, kó o sọ̀ ní ìlú tó kàn. Kò ba ìrìn àjò jẹ́. Owó mọ́tò yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, kó o ti wà nínú ìlú.

Ti táyà, ọwọ́ ẹ ló máa lé ẹ̀rù yẹn lọ. Jókòó sẹ́yìnkùlé, dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn (òun ló ni wàhálà jù nítorí ṣéènì), fi ìdí ṣíbí méjì ṣí táyà, fa túúbù jáde, fẹ́ ẹ, kó o rì í bọ omi nínú bàsíà títí wàá fi rí ibi tó ti ń hó. Nu ún gbẹ, fi sáńpépà ha ibẹ̀, pa solúṣọ̀n sí i, kó o ní sùúrù kó gbẹ díẹ̀ kó o tó lẹ páàṣì, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń kánjú tó fi ń ṣí. Kó o tó dá túúbù padà, rọra fi ìka wọ́ inú táyà yíká, torí ẹ̀gún tó lu ti àkọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Ṣe é léraléra títí o ò fi ní ronú sí i mọ́.

Ara ńkọ́? Dín ẹrù kù jàre. Ní 1894 obìnrin kan tó ń jẹ́ Annie Londonderry gbéra ní Boston l'Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ yí ayé po, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ rárá tó mọ̀ ọ́n gùn. Kẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ gùn wúwo tó páùn 42, yẹ̀rì gígùn ló sì wọ̀. Ìgbà tó dé Chicago ló gba èyí tó jẹ́ páùn 21, ó bọ́ yẹ̀rì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọdún 1895 ló padà délé. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ́pọ̀ ibi, àmọ́ ó lọ, ó bọ̀.

Gbéra nídàájí, má sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, torí àyà ẹ ṣì máa lù kìkì, jẹ́ kó máa lù, ṣáà rọra mí sínú, kó o mí síta pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè tó bá le, sọ̀ kó o tì í. Ooru wa kì í ṣeré, torí náà po omi oníyọ̀ àti ṣúgà dání: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí kò kún jù, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Láti Kabba lọ sí Iyamoye, ṣọ́ra fún tírélà símẹ́ńtì tó ń ti Obajana bọ̀, wọ aṣọ tó ń tàn, tí méjì bá fẹ́ pàdé lójú títì, bọ́ sínú koríko kí wọ́n kọjá, má bá wọn du ọ̀nà.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, tí àwọn dírẹ́bà bá ní ọ̀nà dáa, di gbogbo ẹrù yẹn sórí kẹ̀kẹ́, gùn ún dé Mopa, sùn síbẹ̀, kó o padà lọ́jọ́ kejì.

Iye ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ o. Sọ ìlú tó o máa sùn fún wọn, sọ aago tó o máa pè, fún wọn ní nọ́ńbà àwọn tó o máa sùn sọ́dọ̀ wọn ní Kabba àti Omuo. Ibi tí kò sí nẹ́tíwọọ̀kì, kí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má bàa máa sá sókè sódò. Tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó o lọ Mopa yẹn ná.