Ṣé ọmọ apànìyàn ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi wà ní Melbourne, òyìnbó kan láti Tasmania, erékùṣù kan ní Austrálíà, sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ni baba ńlá òun, pé inú ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sé e mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kó o wá sí Tasmania ní 1842. Bàbá ọmọ yarí. Wọ́n ní àwọn apànìyàn ni wọ́n ń kó sọ́kọ̀, àwọn ò sì ní fọmọ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n sanwó kí òun bá mi wádìí ẹ̀ṣẹ̀ tí baba ńlá yẹn ṣẹ̀. Ṣé kí n san án? (Ìyá Ìyàwó, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, Màmá. Ọ̀fẹ́ ni ohun tí onítọ̀hún fẹ́ tà fún yín, màá sì júwe ibi tó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fèsì sí, torí irú rẹ̀ kì í tán lọ́dọ̀ mi, ó sì ti ń sú mi.

Ta ló sọ fún wọn pé apànìyàn ló ń wọ ọkọ̀? Apànìyàn kì í sábà débẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1752 ní kí wọ́n yẹgi fún apànìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn ìdájọ́, kí wọ́n má sì sin òkú rẹ̀. Dókítà ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún láti là. Nígbà tí wọ́n dẹwọ́ ìkánjú yẹn ní 1836, ikú ṣì ni ìdájọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọkọ̀, ẹni tí okùn fò dá ni, tàbí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ tó ti okùn.

Olè ló pọ̀ jù, olè yẹpẹrẹ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ gbọ́ ti Mary Wade. Ọmọ tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ ni nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ aṣọ àti fìlà lára ọmọ kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n lọ fi aṣọ náà dógò gbowó. Ní 1789, adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún un! Nígbà tó yá ni wọ́n yí ikú padà sí ìlélọ sí Austrálíà, ọkọ̀ Lady Juliana sì gbé e dé Sydney ní 1790. Kevin Rudd tó ṣe olórí ìjọba Austrálíà, àtọmọdọ́mọ obìnrin yìí ni. Àwọn àgbẹ̀ alágbàṣe mẹ́fà ní Tolpuddle, abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì búra fún ara wọn. Ìbúra yẹn ni wọ́n fi dá ọdún méje fún wọn ní 1834. Tasmania gan-an ni wọ́n gbé olórí wọn, George Loveless, lọ.

Ti ọkọ̀ tí wọ́n sé baba ńlá náà mọ́, àìráyè ló bí i. Amẹ́ríkà ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 50,000 ènìyàn. Nígbà tí ogun òmìnira bẹ́ níbẹ̀, ọ̀nà dí, ọgbà ẹ̀wọ̀n kún. Ní 1776 wọ́n ṣòfin ọdún méjì péré pé kí wọ́n máa sé wọn mọ́ inú ògbólógbòó ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sí Woolwich, lórí odò Thames. Lójúmọmọ, wọ́n á wa yanrìn odò. Lálẹ́, wọ́n á sùn nínú ọkọ̀. Ọdún méjì yẹn kò tán títí di 1857. Euryalus, ọkọ̀ ogun tó wà níbi ogun ojú omi Trafalgar ní 1805, àwọn ọmọdékùnrin ni wọ́n ń sé mọ́ inú rẹ̀ ní Chatham láti 1825. Ọmọdé o!

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn. Àwọn oníjàgídíjàgan wà níbẹ̀, àwọn kan sì wà tí ọba yọ lọ́wọ́ ikú lórí ẹ̀sùn tó wúwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wò ó fúnra yín.

Ẹ gba orúkọ baba ńlá náà, ọdún tó dé àti orúkọ ọkọ̀ tó gbé e wá. Orúkọ ọkọ̀ ló ṣe kókó, torí William Jones inú ìwé wọn pọ̀ bíi Táíwò ìlú wa. Ẹ lọ sí ìkànnì Libraries Tasmania, ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ilé ẹjọ́, iye ọdún, gíga rẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀, títí kan àpá àti fínfín ara ni wọ́n sábà máa ń kọ. Tí ẹ bá rí Van Diemen's Land, Tasmania ni; 1856 ni wọ́n yí orúkọ náà padà. Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dájọ́ rẹ̀, ẹ wo Old Bailey Online, ìkànnì tó kó ẹjọ́ àtijọ́ ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù jọ, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lè wà níbẹ̀. Tí ẹ kò bá rí i, ìyẹn kò fi hàn pé irọ́ ni ọmọ náà pa. Ẹjọ́ ìlú mìíràn kì í sábà sí níbẹ̀, akọ̀wé ìgbà yẹn sì lè ṣi orúkọ kọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kò sí lọ́wọ́ mi o. Ohun tí ìwé bá sọ ni mo mọ̀. Tí ẹ bá rí ojú ìwé náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún Bàbá. Ìwé àfọwọ́kọ ayé àtijọ́ máa ń ta kókó. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní gbowó.