"Ká Ní Mo Mọ̀": Ìbéèrè Yín Lórí Àbámọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ní ọdún 7 sẹ́yìn, wọ́n fún mi níṣẹ́ kan, mo kọ̀ ọ́ torí pé ara ìyá mi ò yá. Ọ̀rẹ́ mi ló gbà á, ó ti dọ̀gá níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, ìṣirò ló kù: ká ní mo lọ ni, ibo ni ǹ bá wà? Báwo ni kí n ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ má lé gbígbàgbé. Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan má ronú kan ẹranko béárì funfun, kí wọ́n sì lu agogo bó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Agogo ò sinmi. Nígbà tí wọ́n wá gbà wọ́n láyè láti rò ó, wọ́n rò ó ju àwọn tí wọ́n ti gbà láyè látìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá ń tì síta, ẹ ó máa ṣọ́ ọ bóyá ó ti lọ, ìṣọ́ yẹn ló sì ń pè é padà.

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i láàárín. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dáhùn pé ẹ ò ṣe sókè rẹ̀. Apá òsì wà fún ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jọ́ náà, apá ọ̀tún fún ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó ti máa ń bà jẹ́ ni pé èrò apá ọ̀tún máa ń yọ́ wọ apá òsì. Ẹ ó kọ "iṣẹ́ náà ní ọjọ́ iwájú" síbẹ̀ láìfura. Ẹ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè: ọjọ́ wo ni mo mọ èyí? Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín dọ̀gá lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ fagi lé e, ẹ gbé e sọdá. Baruch Fischhoff, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn ní 1975 pé ẹni tó bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí á máa rò pé ojú òun ì bá ti tó o tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe é tán, "ara ìyá mi ò yá" á ṣì wà lápá òsì, òun nìkan sì lè tó ìdí.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ohun kan ṣoṣo ni "ká ní" máa ń yí padà. Ó gbé yín dé orí àga ọ̀gá, àmọ́ kò mẹ́nu ba ìjà ọ́fíìsì, kò sì sọ ẹni tí ì bá dúró ti ìyá. Bẹ́ ẹ bá máa ro ayé kejì yẹn, ẹ rò ó dópin.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá àkókò kan sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ríro ọ̀rọ̀ náà. Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní 1983 lára àwọn tí àníyàn ń dà láàmú: 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, àkókò kan náà, ibi kan náà. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ dáa, lórí àga líle. Ẹ má ṣe é lórí ibùsùn. Bí èrò náà bá dé láàárín òru, ẹ kọ ọ̀rọ̀ 3 tàbí 4 sórí bébà, "iṣẹ́ yẹn, owó oṣù", kẹ́ ẹ ní ó di ìrọ̀lẹ́. Bí oorun ò bá padà láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ kúrò lórí ibùsùn, ẹ lọ jókòó níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀ títí oorun á fi kùn yín.

Ohun méjì ló ń ba èyí jẹ́. Àwọn kan máa ń fo àdéhùn náà lọ́jọ́ tára bá tù wọ́n, èrò náà ò sì ní gba ìlérí wọn gbọ́ mọ́ lóru. Àwọn mìíràn á fi 30 ìṣẹ́jú bi ara wọn pé "kí ló ṣe mí tí mo fi ya òmùgọ̀?" Ìyẹn ò lésì. Èyí lésì: kí ni mo ń wá nínú iṣẹ́ yẹn, owó ni, iyì ni, àbí ìmọ̀, èwo nínú rẹ̀ ni mo sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́sẹ̀ yìí? Bí èrò bá tán ní ìṣẹ́jú 10, ẹ dìde.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n máa gbé inú òní, kí n jókòó, kí n máa kíyè sí èémí mi. Mi ò tíì mí ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọkàn mi á ti sá lọ sí ọdún tó kọjá. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?

Ìdáhùn: Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Mímú ọkàn padà ni iṣẹ́ náà gan-an. Ní 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert fi fóònù bi 2,250 àgbàlagbà ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń rò. Nínú 46.9% ìdáhùn wọn, ọkàn ò sí níbi tí ọwọ́ wà.

Ìṣẹ́jú 5 tó. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ lajú, ẹ wo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èémí lọ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ń fà á tagbára-tagbára, òòyì á kọ́ ọ, á sì ní nǹkan yìí ò bá òun lára mu. Ẹ ka èémí tó ń jáde láti 1 dé 10, kẹ́ ẹ padà sí 1. Bẹ́ ẹ bá bá ara yín ní 14, ẹ sọ nínú ọkàn yín pé "ìrántí ni," kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bú ara yín. Èébú yẹn náà àbámọ̀ ni, kò kàn tíì pé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n bí i ni.

Bí àbámọ̀ bá gbóná gan-an, ẹ fi èémí sílẹ̀. Ẹ dárúkọ ohun 5 tẹ́ ẹ rí, 4 tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, 3 tẹ́ ẹ gbọ́, 2 tẹ́ ẹ gbóòórùn, 1 tẹ́ ẹ tọ́ wò. "Àga" nìkan ò tó; ẹ sọ pé "àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ha". Ẹni tó bá sáré kà á á parí rẹ̀ láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá tàbí ìwà ipá ló ń padà wá sọ́kàn, jíjókòó jẹ́ẹ́ lè mú un wúwo sí i. Ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ lọ.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tọrọ àforíjì kí wọ́n tó di olóògbé. Àwọn èèyàn ní kí n mójú kúrò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ìpinnu ni ti ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè lókè, gbèsè ni tiyín. Òótọ́ ni pé gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó máa pa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rẹ́ ni wọn ò rí.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n yín: ohun tẹ́ ẹ ṣe, ní gbólóhùn kan tí kò ní "ṣùgbọ́n", ohun tó fà fún wọn, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kọ ọ́ lójúmọ́ fún ọjọ́ 4, bí James Pennebaker àti Sandra Beall ṣe ní kí àwọn kan kọ̀wé nínú ìwádìí wọn ní 1986. Inú yín lè bà jẹ́ sí i bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán. Ẹ má fi ọjọ́ àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Bí oúnjẹ àti oorun bá ti kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò ikú bá yọjú, ẹ má dá wà, kẹ́ ẹ sì lọ lónìí.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni sísan. Bó bá jẹ́ orúkọ wọn lẹ bà jẹ́, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún. Ẹ má kó o lọ bá àwọn ọmọ olóògbé kìkì kí ẹrù tiyín lè fúyẹ́. Bó bá jẹ́ owó ni, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san èyí àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ náà sísàlẹ̀ lẹ́tà.