Ṣé òótọ́ ni pé ìyà ajá máa ń dun àwọn ènìyàn ju ìyà ọmọ aráyé lọ?

Ó di ọwọ́ ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ṣe níkà: àánú ajá máa ń ṣe wọ́n ju ti àgbàlagbà lọ, àmọ́ kì í ju ti ọmọ ọwọ́ lọ.

Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Jack Levin, Arnold Arluke àti Leslie Irvine, ló dán èyí wò ní Amẹ́ríkà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2017. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Northeastern ní Boston ní ìròyìn kan kà, ìròyìn àdábọwọ́ ni o. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ló fi igi bésíbọ́ọ̀lù luni. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, ẹsẹ̀ kan ti kán, ara ti ya káàkiri, ẹni tí wọ́n lù kò sì mọ ibi tó wà mọ́. Ẹni tí wọ́n lù nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀: ọmọ ọdún 1, ẹni ọdún 30, ọmọ ajá, tàbí ajá ọlọ́dún 6.

Ẹni ọdún 30 ni àánú rẹ̀ ṣe wọ́n kéré jù lọ. Ọmọ ọwọ́ àti ọmọ ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ajá àgbà ló rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ọmọ ọwọ́. Àlàyé àwọn olùwádìí ni pé a gbà pé àgbàlagbà lè gbèjà ara rẹ̀, ọmọdé àti ajá kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bi léèrè, ní orílẹ̀-èdè tí ajá ti ń sùn nínú pálọ̀. Kò dájú pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí níbi tí ajá kò ti ju aṣọ́lé lọ.