Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìlú wo ní Rẹ́mọ ló yẹ ká kó lọ, tí bàbá àwọn ọmọ yóò máa lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó?

ÌBÉÈRÈ: Kétu l'Ékòó là ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa. Onílé ti fi kún owó ilé, ó ní ká san ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Aláúsá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Aṣọ ni èmi ń rán, ibikíbi ni mo lè gbé maṣíìnì mi sí. Ọmọ wa kejì ní ikọ́ fée. Àwọn èjẹ́ǹtì ń dárúkọ Mowe, Ògijó, Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn fún wa. Èwo ni ká mú?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣágámù, mo sì máa ń bá àwọn ènìyàn yẹ ilé wò káàkiri Rẹ́mọ. Iye kìlómítà ni àwọn tó ń kó bọ̀ láti Èkó sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ohun tí èmi fẹ́ kí ẹ kà ni wákàtí tí bàbá yóò fi wà nílé tí ojú àwọn ọmọ ṣì là, àti ìṣẹ́jú tí yóò gbà yín láti gbé ọmọ tí èémí ń há dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ìkejì yìí ló wúwo jù.

Ẹ yọ Ògijó kúrò. Owó ilé ibẹ̀ kò ga, ó sì fara ti Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àti bátìrì ọkọ̀ ògbólógbòó pọ̀ sí. Òjé (lead) ló wà nínú bátìrì. Bí wọ́n bá ti ń yọ́ ọ, èéfín àti eruku rẹ̀ a máa bà sórí ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré lé, a bà sórí ẹ̀fọ́, a bà sínú omi. Ní ọdún 2025, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí, ìjọba sì ti àwọn kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà pa. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bà jẹ́, kì í sì í tètè kúrò lára. Àánú àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀ ń ṣe mí gan-an, àmọ́ n kò lè ní kí ẹ gbé ọmọ tó ní ikọ́ fée lọ bá èéfín.

Mowe kì í ṣe Rẹ́mọ, ohun yòówù kí èjẹ́ǹtì wí. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ló wà, lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá. Ó sún mọ́ Èkó ju Ṣágámù lọ, ìyẹn ni oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ọmọ lóru, ilé ìwòsàn ńlá jìnnà sí i ju bí mo ṣe fẹ́ fún yín lọ.

Ó wá ku Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Onábánjọ wà nínú ìlú Ṣágámù, ti Yunifásítì Babcock sì wà ní Ìlíṣàn. Ìlú ńlá míì wà tí kò ní ẹyọ kan irú rẹ̀. Tiwa méjì ni, wọn kò sì jìnnà síra. Ká ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ọkọ yín ń lọ sí Aláúsá, Ìlíṣàn ni ǹ bá mú fún yín láìronú. Ó tura, ó sì fara kan Ìkẹ́nnẹ́ níbi tí Táí Ṣólàárín dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ni ẹ wí. Láti Ṣágámù gan-an, nǹkan bí kìlómítà 44 ni Interchange, oríta ńlá Ṣágámù lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, sí ẹnu ọ̀nà Èkó. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlíṣàn tàbí Ìkẹ́nnẹ́ yóò kọ́kọ́ rìn dé ibẹ̀ ná. Lójoojúmọ́, àlékún yẹn máa jẹ oorun bàbá, ó sì máa jẹ àkókò àwọn ọmọ.

Nítorí náà, Ṣágámù ni mo mú. Àmọ́ kí ọkọ yín dán ọ̀nà wò kí ẹ tó fi owó sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí èjẹ́ǹtì máa ń mú ènìyàn wá kò sọ òótọ́ kankan fúnni. Kí ó sùn ní Ṣágámù lálẹ́ Sọ́ńdè, kó gbéra láàárọ̀ Mọ́ńdè ní aago márùn-ún, kó wo ìgbà tí yóò wọ ọ́fíìsì. Kí ó tún ti Aláúsá bọ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ sí Redemption Camp, ibùdó ìjọ Redeemed tó wà lójú títì márosẹ̀ náà, fún ìsìn òru. Bí ó bá lè fara da ọjọ́ yẹn, ó lè fara da ìyókù, àfi Oṣù Kẹjọ àti Oṣù Kejìlá tí ìpàdé ńlá wọn máa ń gba odidi ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rélùwéè tàn yín: ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, Abẹ́òkúta ló gbà, kò fẹsẹ̀ kan Rẹ́mọ.

Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ náà. Gbogbo ₦1,000 tó bá fi lé iye tó ń ná lójúmọ́ báyìí jẹ́ ₦22,000 lóṣù, bí a bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 ṣe é, ìyẹn ₦264,000 lọ́dún. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé tí ẹ rò pé ẹ máa jèrè.

Nípa ilé fúnra rẹ̀: òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ṣágámù, òun ló jẹ́ kí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa ewé àgbàlá àti fèrèsé. Bí eruku funfun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa lọ. Ẹ tún béèrè bí ó ṣe ń rí lásìkò ọyẹ́, torí láti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ilé tó mọ́ tónítóní lásìkò òjò lè máa gba eruku ní Oṣù Kíní. Ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ kan pẹ̀lú omi kànga ilé náà. Bí kò bá hó dáadáa, ẹ máa ra ọṣẹ púpọ̀.

Ohun kan wà tí èjẹ́ǹtì kì í sọ fún obìnrin. Rẹ́mọ ní Orò, obìnrin kì í sì í jáde nígbà tó bá wà níta. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ọmọ ibẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ọmọ tí ikọ́ lè gbé lóru. Ẹ bi onílé ní àsìkò Orò àdúgbò náà, kí ẹ sì bá àwọn àgbà àdúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ọkùnrin tí yóò gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn bí ìyá kò bá lè jáde. Ẹ ra ìfasímú (inhaler) ọmọ náà méjì, kí ọ̀kan máa wà nílé.

Ilé-ìwé ńkọ́? Ṣágámù ni kí wọ́n ti lọ, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ti rí àwọn òbí tó fi ọmọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé Èkó tí wọ́n ní àwọn á máa gbé wọn lọ. Inú ọkọ̀ ni ọmọ ti ń sùn pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, inú ọkọ̀ ló ti ń jẹun. Nígbà tí táàmù kejì fi máa parí, wọ́n ti padà sí Èkó.

Kí ọkọ yín sọ fún ọ́fíìsì rẹ̀ náà pé ẹ ti kó lọ, torí ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ni owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀, yóò sì wá di ti Ògùn.

Ẹ háyà fún ọdún kan péré, ní apá ibi tó rọrùn láti dé Interchange. Ẹ má tíì ra ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò kan àti ọyẹ́ kan kọjá lórí yín ní Ṣágámù ná, kí ẹ rí bí èémí ọmọ ṣe ń lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bá mi ká jọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò.