Ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n pa fèrè ọkọ̀ wọn

Bọ̀ọ̀dá Ṣágámù, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ àlejò. Ẹ ní àbúrò yín ń bọ̀ láti Ìbàdàn báyìí tí ìjọba ti ṣí ojú ọ̀nà tí wọ́n tì nítorí àrùn Kòrónà, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2020 yìí, pé yàrá méjì péré lẹ ní, ṣé kó lè sun yàrá kan náà pẹ̀lú Ìyá. Rárá o. Ẹ fún un ní yàrá kan fún ọjọ́ 14, kí ẹ̀yin àti Ìyá wà ní ìkejì. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí abọ́ rẹ̀ dá wà, kó lo ìbòmú bó bá jáde. Ìyẹn ò le. Ẹnu ará àdúgbò ló le.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta lèmi náà ti Èkó dé sí Ìjẹ̀bú-Òde. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Buhari kéde kónílé-ó-gbélé. Ti Ògùn wa ò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, káwọn èèyàn lè ráyè ra oúnjẹ. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bí ọmọlúwàbí, mo pe nọ́mbà tí ìjọba fún wa nítorí Kòrónà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ wọn ń han gooro, àwọn mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ funfun bí eégún, níbi táwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ mí nímú títí omi fi dà lójú mi. Wọ́n ní ọjọ́ 2 lèsì àyẹ̀wò náà máa gbà. Ọjọ́ 9 ló gbà!

Ìyá onígààrí tó mọ̀ mí láti kékeré gbé abọ́ sílẹ̀ láàárín títì, ó ní kí ìyàwó mi ju owó sínú omi ọṣẹ Omo. Ó dúró kówó náà rin gbingbin kó tó da gààrí láti òkèèrè. Ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìyàwó mi gbé ìyókù wálé, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá onílé ń da Izal sẹ́nu ọ̀nà wa láràárọ̀, òórùn rẹ̀ wọ inú ọbẹ̀. Mítà 2 nìjọba ní ká fi jìnnà síra. Tiwa fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí èsì dé, kò sí àrùn lára mi. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́, ẹni tó pè mí tiẹ̀ ṣi orúkọ mi pè. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè padà wá láti sọ fún àdúgbò. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá wúkọ́, ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹ gba èsì lórí ìwé.

Kí n má gbàgbé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní chloroquine, oògùn ibà, pé ó ń dènà Kòrónà. Ní oṣù Kẹta, àwọn kan gbé e mì l'Ékòó, ọsibítù ni wọ́n bá ara wọn.

Kí ni mo ń sọ bọ̀ ná? Ìyá. Ìyá tèmi ò gba ti mítà 2. Ojú fèrèsé ló ti ń na ìkọ́kọrẹ́ sí mi, á dúró kó rí i pé mo lá abọ́. Ẹ gbé àga Ìyá síta, kó jìnnà sí fèrèsé díẹ̀, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Kí àbúrò máa wẹ̀ kẹ́yìn.